Ojú mọ́tò kọ́ ni ọdún ẹ̀ wà

Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò jíìpù mi sórí WhatsApp ni ìbéèrè ò jẹ́ kí n sinmi, "ṣé 2013 ni àbí 2010", "ṣé tòkunbọ̀ ni àbí wọ́n ti lò ó ní Nàìjíríà", "ta ló bá ẹ wò ó". Mo ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí, torí ohun tí ojú mi rí lọ́jà mọ́tò láàárín oṣù méjì yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi òógùn ojú ẹ̀ kówó jọ kó sínú irú ẹ̀.

Lexus RX350 ni mo fẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. RX330 ti 2005 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lò n'Íbàdàn, gbogbo ìgbà tó bá fi gbé mi ni mo máa ń sọ nínú ara mi pé tí Ọlọ́run bá ṣe é, irú èyí ni màá rà, ó ga dáadáa sílẹ̀, kòtò ojú ọ̀nà wa ò fi bẹ́ẹ̀ mì í, tí ẹ bá sì ti gíláàsì tán, inú ẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Yàtọ̀ sí fàájì, Toyota ló ni Lexus, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú RX350 náà ni wọ́n gbé sínú Camry V6 àti Highlander ìgbà yẹn, so kò sí mẹkáníìkì gidi tó máa ṣí bónẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tá á wá máa wò ó bí ẹni tó rí àlejò. Ìdí tí mo fi yàn án ju jíìpù Jámánì lọ nìyẹn.

Mọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí l'Ékòó, ẹ̀yin náà ẹ bá rí i ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀. Dúdú ni, ó ń dán gbinrin, gíríìlì iwájú ẹ̀ sì ni èyí tó fẹ̀ lókè, tó fún láàárín, tó tún wá fẹ̀ nísàlẹ̀, tí Lexus bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí RX láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2013. Ọmọkùnrin tó ń tà á ń kà á bí ewì, "2013 ni mà, fọ́ọ̀sì bọ́dì, thumbstart, fúùlù ọ́ṣọ̀n". Fọ́ọ̀sì bọ́dì yẹn túmọ̀ sí pé wọn ò tíì kun ún lọ́dà rí o, ọ̀dà tó bá kúrò ní kọ́ńpìnnì ló ṣì wà lára ẹ̀. Thumbstart ni pé ìka lẹ fi ń tẹ bọ́tìnnì tan án. Ọkàn mi ti lọ. Mo ti ń rò ó pé ibo ni màá máa páàkì ẹ̀ sí.

Àlàájì, mẹkáníìkì mi, ò sọ nǹkan kan. Ó lọ síwájú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí igun gíláàsì iwájú lápá dírẹ́bà, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sí i torí oòrùn ń ta lójú gíláàsì, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi kà á jẹ́jẹ́, ẹ má fo ìkankan." Ṣásí nọ́ńbà ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tí wọ́n tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ kan níbẹ̀. Mo ń kà á, ó ń ka ìka ẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ìkẹwàá, mo ní "A".

Ó gbójú sókè. "A kẹ̀? A ni 2010. Tó bá jẹ́ 2013, D ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Ó ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ó fi hàn mí lára òpó irin ibi tí ilẹ̀kùn ń pa dé sí, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n to mọ́tò yẹn sí: 10/09. Oṣù kẹwàá ọdún 2009. Ọmọkùnrin yẹn wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, upgrade la ṣe fún un, kò sí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀."

Ìyàtọ̀ wà o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé upgrade fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ra bọ́ńpà, gíríìlì àti iná iwájú ti 2013 sókè, wọ́n á tú ti 2010 kúrò, wọ́n á gbé tuntun sí i, ojú mọ́tò á wá dà bíi ti ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọdún ẹ̀. Tí ẹni tó ni mọ́tò bá ṣe é fún ara ẹ̀, owó ẹ̀ ni, kò sí ẹni tó máa bá a jà. Àmọ́ kí ẹ wá ta 2010 fún èèyàn lówó 2013, olè ni mo máa ń pè é, mi ò ní pe orúkọ míì. Ohun tó tún dùn mí jù ni "fọ́ọ̀sì bọ́dì" yẹn, torí tí wọ́n bá ti tú gbogbo iwájú mọ́tò kúrò, báwo lèmi ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n tú u torí oge ni, àbí ó ti lọ kọ lu nǹkan níbi tó ti ń bọ̀? Àlàájì tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn iná iwájú, ó ní kí n wò ó. Wáyà tí wọ́n gé tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé roboto, nínú iná yẹn fúnra ẹ̀ omi ti ń sẹ̀ bí ìrì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a bá tiwa lọ.

Nígbà tí mo délé ni mo jókòó tí mo kọ́ nọ́ńbà yẹn bí ẹni ń kọ́ ABD. Fún mọ́tò Amẹ́ríkà, ìkẹwàá yẹn ló ń sọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì. 2007 ni 7, 2008 ni 8, 2009 ni 9, lẹ́yìn náà ó kan lẹ́tà: 2010 A, 2011 B, 2012 C, 2013 D, 2014 E, 2015 F, 2016 G, 2017 H, wọ́n wá fo I kí ó má baà jọ 1, 2018 wá jẹ́ J. Ẹ má sì jẹ́ kó rú yín lójú pé ìwé ara ilẹ̀kùn sọ 2009 kí ìkẹwàá sì jẹ́ A, irọ́ kọ́ nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún tó ń bọ̀ jáde kí ọdún ọ̀hún tó dé, RX ti 2010 gan-an, ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ló ti wà lọ́jà wọn. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn ni ọjọ́ ìbí ẹ̀, èyí tó wà nínú nọ́ńbà ni kíláàsì tí wọ́n fi í sí.

Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà àkọ́kọ́ náà ń sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ti to mọ́tò ló ń sọ. J ni Japan, 2 ni Canada, torí Toyota ní ilé iṣẹ́ kan ní Cambridge, Ontario, tó ń to RX láti 2003. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé "Canada spec ni" nítorí 2 yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n tò ní Canada pọ̀ tí wọ́n kó lọ tà l'Ámẹ́ríkà. Ẹ wo aago tó ń ka eré lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó bá jẹ́ máìlì ló ń kà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, tó bá jẹ́ kìlómítà, Canada nìyẹn. Ẹ ṣọ́ ọ o, torí 90,000 máìlì àti 90,000 kìlómítà kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ní ti ọdún tó dáa, ibi tó ya èmi lẹ́nu jù ni 2006 sí 2007. Tí ẹ bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbejì ni, ara kan náà, ìjókòó kan náà. Àmọ́ RX330 ni ti 2004 dé 2006, ẹ́ńjìnnì 3.3, táímíìn bẹ́líìtì ló ń lò, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ lásìkò, rọ́bà ni, ó ní iye máìlì tí ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀, 90,000 ni, ẹni tó bá sì ra tòkunbọ̀ kò ní mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn. 2007 ló di RX350, ẹ́ńjìnnì 3.5, ṣéènì irin ló wà nípò bẹ́líìtì yẹn nínú tiẹ̀. Ó tún lágbára sí i. Ṣùgbọ́n ti 2007 àti 2008 náà ní tiwọn, páìpù kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn tó ń gbé ọ́ìlì, wọ́n fi rọ́bà ṣe àárín ẹ̀, tí rọ́bà yẹn bá ti gbó tó bẹ́, ọ́ìlì á dà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á lọ. Lexus fúnra wọn padà wá fi irin odindi rọ́pò ẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fi ọwọ́ kàn án, tó bá ṣì jẹ́ rọ́bà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kí ẹ tó wa mọ́tò yẹn dé ojú ọ̀nà márosẹ̀.

2010 dé 2015 jẹ́ ara kan, gíà mẹ́fà, 2013 ni wọ́n kàn tún ojú ẹ̀ ṣe tí wọ́n sì fi F Sport, irú èyí tí wọ́n ṣe bíi mọ́tò eré, kún un, tí tiẹ̀ jẹ́ gíà mẹ́jọ. Ẹ́ńjìnnì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí èmi ò fi rí ìdí tí màá fi san owó rẹpẹtẹ lórí gíríìlì. Láti 2016 ló di mọ́tò míì pátápátá, owó ẹ̀ náà di owó míì.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni omi. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó bo Houston lọ́dún 2017, mọ́tò rẹpẹtẹ ló wọmi, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba ọ́kíṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní gbàǹjo, kọjá wá sọ́dọ̀ wa. Mọ́tò tó wọmi lè dán ju tuntun lọ. Àlàájì kọ́ mi pé kí n fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí ẹ̀. A fa ti mọ́tò kan ní sítáǹdì kejì, apá òkè mọ́ tónítóní, nígbà tó kù díẹ̀ kó tán la rí ìlà amọ̀ kan tó gbẹ tó fà gbọọrọ lórí ẹ̀, bí ìlà tí omi máa ń fi sára ògiri lẹ́yìn àkúnya. Ẹ tún wo nọ́ọ̀tì tó di ìjókòó mọ́lẹ̀, tó bá ti dípẹtà, ẹ bi ara yín pé kí ni ìpẹtà ń wá nínú mọ́tò.

Ẹ sì gba pépà Kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ṣásí nọ́ńbà inú ẹ̀ wé ti ara mọ́tò, lẹ́tà sí lẹ́tà. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, so tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé láti Kùtọnu ló ti wà á wá lóṣù tó kọjá, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Ìkẹrin tí a wò ni mo rà. Ìkẹwàá ẹ̀ jẹ́ B, 2011, ojú ẹ̀ jẹ́ ojú 2011, ẹni tó tà á náà pè é ní 2011, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti fi mí lọ́kàn balẹ̀. Kò ní gíríìlì tó fẹ̀ yẹn. Àlàájì rí àmì omi aláwọ̀ píǹkì tó ti gbẹ sára wọ́tà pọ́ǹpù ẹ̀, èyí tó ń fa omi kiri inú ẹ́ńjìnnì, ó ní ó ti ń jò díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń ṣe nìyẹn tó bá ti rìn jìnnà, a fi yọ lára owó ẹ̀, wọ́n gbà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó, láti lọ ra wọ́tà pọ́ǹpù. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ò tiẹ̀ bi mí ọdún wo ni, ó na fóònù ẹ̀ sí mi, ó ní, "Mà, ẹ tẹ ṣásí nọ́ńbà yín síbí." Mo tẹ mẹ́tàdínlógún yẹn sí i látorí láìwo ìwé.