Ta Ni Wọ́n Ń Lù Ú Fún?

Sátidé. Ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀, òjò ò sì rọ̀. Mo ra iṣu mẹ́ta ní Ọjà Ọba, mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ olórin wa. Gbogbo ohun tí mo ṣe lónìí nìyẹn, kò sì sí èyí tó dúró lọ́kàn mi nínú wọn, àfi gbólóhùn kan tí ọmọdébìnrin kan sọ lẹ́nu géètì.

"Ta ni wọ́n ń lù ú fún?"

Ó ru omi inú ọ̀rá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin di aṣọ rẹ̀ mú. A ti ṣí ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ bàbá Tísà sílẹ̀ gbayawu nítorí ooru, àwọn méjèèjì sì dúró sẹ́bàá títì, wọ́n ń wò wá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí orin kan ni, ampù ṣì ń hó, ìdí nìyẹn tó fi gbé ohùn sókè. Kì í ṣe pé ó yájú. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ ní, "Bóyá wọ́n ń dúró de àlejò." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo wo Tísà, mo wo Bàbá Ìbejì. Kò jọ pé wọ́n gbọ́. Èmi ni mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù.

Kò dùn mí o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ta ni yóò bínú sí ọmọ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ? Ìbéèrè gidi ni. Níbi tí wọ́n ti bí wa, ìlù kì í dún lásán. Bí o bá gbọ́ gángan ní Òkè Ìlá, o ti mọ̀ pé ẹnìkan ń ṣòkú, tàbí ó ń gbéyàwó, tàbí ó jẹ oyè. Onílù á wo ojú onítọ̀hún, á fi oríkì bàbá rẹ̀ kì í, òun náà á ki ọwọ́ bọ àpò. Ọmọ yẹn ti mọ èyí kó tó mọ ìwé kà. Ó wá rí àgbàlagbà mẹ́rin tí wọ́n kọjú síra wọn, gìtá ń ké bí irin tí wọ́n ń rẹ́, kò sì sí àga kan ṣoṣo níwájú wọn. Kí ni kó rò?

Ní 1988, mi ò ní ronú kí n tó dá a lóhùn. SS1 la wà, a ṣì wà nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ku ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Tísà gbé àwo ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Ofege bọ̀ láti Èkó, àwo tó ti pẹ́, tó ti ń họra. Orin náà wọ̀ wá lára, àmọ́ ohun tó gbà wá lóorun ni pé ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, ọmọ St. Gregory's College, tí wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1973. Bí ọmọ ilé ìwé bá lè ṣe é, kí ló dé tí àwa ò ní ṣe é? Gìtá kan la ní, okùn mẹ́rin ló kù lára rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa là ń ta á fún. Àwọn àti gbogbo ayé.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sóde. Wọ́n ní ká kọ orin Ebenezer Obey, a kọ ọ́, tọkàntọkàn ni mo sì fi kọ ọ́. Àmọ́ bí a bá ti yà sí tiwa pẹ́nrẹ́n, àwọn èèyàn á padà sídìí iyán wọn. A ò lọ sóde mọ́ láti ìgbà tí… ẹ mọ̀ ọ́n.

Owó tiwa là ń ná sí i báyìí. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà, a lè tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ní báyìí, wákàtí kan àbọ̀ ni, à ń dá owó jọ ká tó rí ìyẹn náà. Ẹni tó ń sanwó kó tó lu ìlù tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ pé kó lù…

Mo ní kò dùn mí. Irọ́ ni. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Ti àbúrò rẹ̀ ni. Nítorí a ṣì ń gbé ọ̀pá máìkì kan sí àárín. Bàbá Ìbejì ló ń gbé e jáde, kò sẹ́ni tó rán an. Á nù ún, á gbé e síbi tó máa ń wà, á wá lọ jókòó sídìí dírọ́ọ̀mù rẹ̀. Èmi ni mò ń kọrin báyìí, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo sì gbé tèmi sí. Mi ò tíì dúró sí àárín yẹn rí.

Síbẹ̀, ó dùn lónìí! Làkúrègbé ti mú ìka Tísà, ó fi róbù ra á títí kó tó di gìtá mú. Nígbà tó di orin kejì, èyí tí a fi èdè Èkìtì kọ, béèsì Nọ́ọ̀sì àti dírọ́ọ̀mù wọnú ara wọn, mo dijú, mo sì ń mọ ibi tí Tísà máa yà sí kó tó yà. Ọdún mẹ́tàdínlógójì. Mo mọ bó ṣe ń mí. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, àmọ́ mi ò rántí ọmọ kankan ní géètì nígbà yẹn, mi ò rántí epo.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún ìyàwó mi níbi tá a ti ń jẹun. Ó ní, "Ẹ ò bá pè é wọlé, kí ẹ sọ fún un pé òun ni ẹ̀ ń lù ú fún." Mi ò ronú kàn án rárá. Àmọ́ irọ́ kọ́ nìyẹn ì bá jẹ́? Bóyá kì í ṣe irọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá tún kọjá… wọn ò ní kọjá, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni Tísà pè. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní òun ti rí ibi tí orin kẹta ti ń dàrú, pé àwa méjèèjì là ń kánjú wọ ègbè. Ó gbé fóònù lélẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń wá gìtá kiri yàrá, ó wá ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ampù, jẹ́jẹ́, kí àwọn ará ilé má bàa jí.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n dúró, kí òun tún un ta.