Tòkunbọ̀ ti wọ́n, ẹ wo ọkọ̀ ẹni tó tọ́jú ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìnáwó o. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù n'Ílọrin báyìí ni pé ṣé owó mọ́tò ò ní wálẹ̀ mọ́ ni. Mi ò ní tàn yín, ẹ má fi ìyẹn sọ́kàn. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀ lọ́hùn-ún, dọ́là ni wọ́n fi ń gbé e sọdá òkun, tó bá sì gúnlẹ̀ s'Éèkó, iye tí dọ́là bá jẹ́ náà ni kọ́sítọ́ọ̀mù máa fi ṣírò owó tiwọn. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là ò ju nǹkan bíi 470 lọ ní báńkì, nígbà tí 2024 fi máa parí ó ti lé ní 1,500. Ọkọ̀ kan náà, iná kan náà, táyà kan náà, owó ẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta kó tó kúrò ní pọ́ọ̀tù. Torí náà ẹ má bá àwọn tó ń tà á jà, iye tí wọ́n rà á ló ń lé wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé kí ẹ yé náwó lórí orúkọ tòkunbọ̀. Alhaji kan tó jẹ́ ibi iṣẹ́ àti jímọ̀ọ̀ nìkan ló ń gbé Corolla ẹ̀ lọ láti bí ọdún mélòó kan, tó sì ní mẹkáníìkì kan ṣoṣo, mọ́tò ẹ̀ dáa ju ọ̀pọ̀ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ, owó ẹ̀ sì tún dínkù. Irú wọn wà n'Ílọrin níbí, wọ́n wà l'Ọ́fà, wọ́n wà ní Òmù-Àrán, wọn kì í pàtẹ ẹ̀ sójú títì ni. Ẹ bèèrè ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi iṣẹ́, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé owó ti wà nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí i, ẹ wá mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe kàn, ẹ fún un ní nǹkan, ẹ ní kó sọ gbogbo ohun tó ti pààrọ̀ lára ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ níye lórí ju ti ejẹ́ńtì lọ.

Àbúrò kan ní Tánkẹ́ ní kí n bá òun wo Corolla 2008 kan, tòkunbọ̀ ni, ó ń dán gbinrin, wọ́n ti fi sẹ́ńtì sínú ẹ̀. Mo fa síìtì bẹ́líìtì ẹ̀ jáde títí dé ìdí, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fà á dé, ni mo bá rí ẹrẹ̀ gbígbẹ tó fa ìlà sí i lára. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, nọ́ọ̀tì abẹ́ síìtì ti dípẹtà. Ọkọ̀ tí omíyalé ti mù nìyẹn, wọ́n á fọ̀ ọ́ tán wọ́n á gbé e wá bá wa, ọdún kan kò ní pé tí wáyà inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó tí ọmọ yẹn fi ọdún púpọ̀ kó jọ ni ì bá gbé lé e, inú bí mi gan-an.

Ẹ lọ wo ọkọ̀ láàárọ̀, kí ẹ ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì sítáàtì ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ti gbóná, wọ́n ti sítáàtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tí nǹkan funfun bíi mílíìkì bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi ti ń bá ọ́ìlì pàdé. Èéfín búlúù ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì, èyí wọ́pọ̀ lára Camry Muscle oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 2007 sí 2009, ẹ fojú sí i dáadáa. Gíà ńkọ́, ẹ fi sí D, ẹ fi sí R, tó bá ń jáni tàbí tó ń ronú kó tó wọlé, ẹ fi sílẹ̀ jàre, owó tẹ́ ẹ máa fi tún gíà tó bàjẹ́ ṣe lè pọ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ọdún ọkọ̀ kò le, ẹ ka ṣásí nọ́ńbà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà inú ẹ̀ máa ń jẹ́ mẹ́tàdínlógún, èyí tó ṣe ìkẹwàá lára ti Amẹ́ríkà ló ń sọ ọdún ẹ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹ wo ara táyà náà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀, 2319 ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ má sì kó gbogbo owó yín lé ọkọ̀ lórí, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún táyà, bírèkì, bátìrì àti ọ́ìlì, torí kò sí alòkù tí kò ní béèrè nǹkan lóṣù àkọ́kọ́.

Péépà ló kù. Ṣásí nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti péépà kọ́sítọ́ọ̀mù mu, orúkọ ẹni tó ń tà á náà sì gbọ́dọ̀ wà lórí péépà ọkọ̀ náà, àkáǹtì orúkọ yẹn sì ni kí ẹ sanwó sí. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin dè é pé kí ọkọ̀ gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ Kwara wa yìí bá Benin pààlà, èyí tó gba igbó wọlé owó ẹ̀ máa ń fani mọ́ra. Ẹ má rà á. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá yín dúró lójú títì kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹni tó tà á fún yín ò sì ní gbé fóònù ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.