Ẹ má tíì ju iPhone 6s yẹn nù
Àwọn méjì ń jiyàn ní Computer Village, Ìkẹjà, láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan ní iPhone 6s òun ti di ìgbín. Èkejì ní kámẹ́rà rẹ̀ ṣì ń ya fọ́tò tó mọ́ kedere. Ẹ̀yìn èkejì ni mo wà. Bátìrì ló ti gbó, ìyẹn ló sọ fóònù náà di ìgbín. Bátìrì tó gbó kì í lè gbé iṣẹ́ tó bá wúwo lójijì, fóònù á kàn kú. Ìdí nìyẹn tí Apple fi fi iOS 10.2.1, ẹ̀yà kan lára ètò tó ń darí iPhone, dín eré rẹ̀ kù ní 2017, láìṣàlàyé dáadáa. Ìyẹn ò dáa rárá. Ẹ wọ Settings, Battery, lẹ́yìn náà Battery Health. Tí Maximum Capacity, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì ṣì lè gbà sí ti ìgbà tó wà ní tuntun, bá ti wà lábẹ́ 80%, ẹ pààrọ̀ bátìrì, eré rẹ̀ á padà.