Bí Ọmọ Inú Yín Bá Dákẹ́, Ẹ Má Dúró Di Òwúrọ̀

Ẹ̀yin aláboyún ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa omi sí mi lọ́wọ́ kò tíì jinná bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń gbóná lára mi.

Ọmọ yìí kì í sinmi nínú. Tí mo bá ti jẹun alẹ́ tán tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ìgbà náà ni tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: á tàpá, á yí gbirigbiri, bàbá rẹ̀ á gbọ́wọ́ lé ikùn mi, á máa rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ 38, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo jẹun, mo dùbúlẹ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìpàdé aláboyún, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo gbé fóònù sọ nù, mo ń ṣọ́ ọ. Ó sún lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n jí tí kò fẹ́ dìde. Ó tán síbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọmọ tó bá fẹ́ wáyé máa ń dákẹ́ láti kó agbára jọ. Aládùúgbò wa ní kí n mu omi tútù àti ohun dídùn. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í dín ìmira kù nítorí pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sún mọ́. Bó ṣe ń mira lè yí padà, kí títàpá di yíyí àti títì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín kù. Ọmọ tí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tó ń gba ibi ọmọ wá kò tó mọ́ lè dín ìmira kù kó lè fi agbára tó kù tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa ní kí n padà wá láàárọ̀. Ọkọ mi wo ojú mi, ó ṣẹ́rí mọ́tò padà, a kọrí sí ilé ìwòsàn ńlá láàárín ìgboro Ìbàdàn.

Ibẹ̀ ni ohun tí mi ò lè gbàgbé ti ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé mi níkùn. Ó wá a lápá òsì, kò rí i. Ó wá a lápá ọ̀tún, kò rí i. Ó wá gbọ́ ọ̀kan, mo ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa!" Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń kà á pọ̀, ó ní, "Màdáàmù, ọkàn tiyín nìyí." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jáde lọ pe ẹlòmíràn, onítọ̀hún náà wá a títí. Wọn ò jẹ́ kí ọkọ mi wọlé. Mo ń wo àjà, mo ń ro àwọn aṣọ ọmọ tí mo ti fọ̀ tí mo ti ká, mo ń ro bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún màámi. Àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu. "Ọmọ mi, mira" ni mò ń wí ṣáá, "ọmọ mi, mira."

Dókítà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú wá. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi: ọkàn ọmọ ń lù, ṣùgbọ́n omi tó yí i ká ti kéré jù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ra ẹ̀rọ gbígbọ́ ọkàn yẹn sílé. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ló mọ̀ pé tèmi ló ń gbọ́. Èmi ì bá ti gbọ́ ọ, kí n padà sùn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ kí wọ́n fi oògùn mú ìrọbí wá. Àwọn kan ti ń sọ pé mo kánjú, pé mi ò dúró de àkókò Ọlọ́run. Wọn ò sí nínú yàrá yẹn. Dókítà ò fipá mú mi. Ó ní gbogbo ẹni tí ọmọ rẹ̀ dákẹ́ kọ́ ló nílò rẹ̀. Ìwádìí AFFIRM, tó jáde lọ́dún 2018 lórí oyún tó lé ní 400,000 ní Bìrìtéènì àti Ireland, kò fi hàn dájú pé kíkọ́ àwọn aláboyún nípa ìmira ọmọ, kí wọ́n sì tètè mú ìrọbí wá, dín ikú ọmọ inú kù, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde sì pọ̀ sí i. Omi tó kéré ló yí tèmi padà. Mo béèrè ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí a bá dúró, mo béèrè ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí a ò bá dúró, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n fi bálúùnù kékeré ṣí ẹnu ilé ọmọ, wọ́n fa omi tí oògùn ìrọbí wà nínú rẹ̀ sí mi lára, ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọkàn ọmọ ní gbogbo ìgbà. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ dé, ó ké, a gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan ni kí ẹ ti gba oògùn ìrọbí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ ìrọbí nílé tàbí nílé àgbẹ̀bí. Ó lè fa ilé ọmọ ya. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn, torí àwọn oògùn ìrọbí kan wà tí kò yẹ yín.

Ṣùgbọ́n lílọ lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ń tẹnu mọ́. Wọ́n kọ́ wa láti ka ìmira 10 láàárín wákàtí 2, ó dára, àmọ́ bí ọmọ tiyín ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ ni ẹ̀rí tó tóbi jù. Bó bá yàtọ̀, ẹ dìde lóru náà. Ẹ fi káàdì àti owó ọkọ̀ síbi tí ọwọ́ ti máa tètè tó o. Bí wọ́n bá yẹ̀ yín wò tí wọ́n ní gbogbo rẹ̀ dára, tó wá tún dín kù lọ́jọ́ kejì, ẹ tún padà lọ, kódà bí wọ́n bá ń wò yín pé ẹ tún ti dé. Ìgbà kejì yẹn gan-an ló yẹ kí dókítà bá yín jókòó sọ̀rọ̀ bóyá kí ẹ bímọ náà.