Kí ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá létí òkun: ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́

Ní Èkìtì níbí, òkè la ní, a kò ní òkun. Ẹni tó bá jí ní Ìkẹ́rẹ́, Olósùnta ni yóò rí níwájú. Ẹni tó bá sì ń wá omi tó yani lẹ́nu, ọ̀nà Ìkógòsì ni yóò gbà, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Bóyá ìdí nìyẹn tí òkun fi máa ń wọ̀ wá lójú tó bẹ́ẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá ti ku díẹ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, bí ọmọ kan bá ti ìlú òyìnbó dé tó ní òun fẹ́ gbé ìyá òun jáde, hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun l'Ékòó ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi ni mo sì máa ń bá àwọn ará ilé àti àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ní Adó ṣètò irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ìbéèrè máa ń já sí: "Àǹtí, ṣé owó tí wọ́n pè yìí kò ti pọ̀ jù?"

Kí n tó dáhùn, mo máa ń yọ owó òkun kúrò lára owó yàrá. Hòtẹ́ẹ̀lì kan náà ló máa ń ní yàrá tó kọjú sí omi àti èyí tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ibùsùn kan náà, tẹlifíṣọ̀n kan náà, oúnjẹ àárọ̀ kan náà. Ká ní wọ́n pe ti ẹ̀yìn ní ₦140,000 lóru kan, wọ́n wá pe ti iwájú ní ₦200,000. A jẹ́ pé ₦60,000 ni wọ́n ń ta fèrèsé yẹn fún yín lálaalẹ́. Wákàtí mélòó lẹ máa fi jókòó sídìí rẹ̀? Ilẹ̀ máa ń ṣú l'Ékòó ní nǹkan bí agogo méje. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ìgbì lẹ máa gbọ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé ìdí púùlù ni wọn yóò wà látàárọ̀, tí wọn kò ní wọ yàrá àfi tí oorun bá ń kùn wọ́n, yàrá ẹ̀yìn ti tó wọn. Àmọ́ màmá tí orúnkún ń dùn, tí kò lè rìn lórí iyanrìn, tí yóò jókòó sí bákónì tí yóò máa wo omi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ₦60,000 yẹn kò pọ̀ jù fún un. Tèmi ni pé kí wọ́n san án, kí wọ́n sì gé oúnjẹ alẹ́ olówó gọbọi kúrò.

Omi wo ni wọ́n tilẹ̀ ń tà? L'Ékòó, òkun wà, ọ̀sà wà. Létí ọ̀sà, omi dákẹ́, ẹ máa rí afárá, ẹ máa rí ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá, atẹ́gùn sì máa ń fẹ́ dáadáa. Ìgbì kò sí níbẹ̀, iyanrìn tí èèyàn lè rìn lórí rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Èmi fẹ́ràn ọ̀sà, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ní san owó òkun fún un. Mo pe hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, yàrá tí ẹ kọ 'ẹ máa rí omi' sí lára yẹn, ṣé òkun ni àbí ọ̀sà?" Ọmọbìnrin tó gbé fóònù dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa rí omi dáadáa, mà." Mo tún un bi. Ó ní, "Mà, omi náà pọ̀." Ẹ̀rín pa mí, mo kí i pé ó kú iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo máa ń ṣí Google Maps lórí fóònù, mo máa ń yí i sí àwòrán tí wọ́n yà láti òfurufú, kí n fi ojú ara mi rí ibi tí ilé náà dúró sí. Ẹ lè wọn jíjìn rẹ̀ sí omi níbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun, tó jẹ́ pé títì ọlọ́kọ̀ àti ilé àwọn ẹlòmíràn ló wà láàárín àwọn àti omi.

Fọ́tò iyanrìn gbalasa ló máa ń fa èèyàn mọ́ra jù, òun náà ni mo sì máa ń fura sí jù, nítorí etí òkun Èkó kì í dúró sójú kan. Ní 1908 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa ráyè wọlé. Omi máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ní etí òkun wa, òkúta yẹn wá dí i lọ́nà. Apá ìwọ̀ oòrùn ń gba iyanrìn kún, apá ìlà oòrùn tí Victoria Island wà kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ. Bar Beach tí àwọn bàbá wa máa ń ròyìn, ibẹ̀ àti iwájú rẹ̀ nínú omi ni wọ́n ti kó iyanrìn dí láti kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Ní Òkun Alfà lọ́nà Lẹ́kì, omi ti gbé títì àti ilé lọ.

Nítorí náà, fọ́tò ọdún mélòó kan sẹ́yìn lè má jọ ohun tó wà níbẹ̀ lónìí. Mo ti dé ibì kan tó jẹ́ pé àpáta ńlá ńlá ni wọ́n tò sí ìdí ògiri, ìgbì ń gbá a, ó ń ta omi sókè. Àtẹ̀gùn irin kan ṣì wà níbẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí iyanrìn wà nígbà kan. Wọ́n ti so okùn dí orí rẹ̀. Lórí ìkànnì wọn, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n ya fídíò etí òkun wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní iyanrìn kò ní pẹ́ fi í hàn yín. Fọ́tò tí àwọn àlejò yà fúnra wọn tún dára, tí ẹ bá to ti àìpẹ́ yìí sókè. Lára ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ, ẹni tó fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń kà jù, torí ẹni tí inú ń bí máa ń sọ àsọdùn, ẹni tí inú ẹ̀ dùn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì tìtorí ìwẹ̀ san owó òkun. Ìgbì etí òkun wa le, omi abẹ́ rẹ̀ sì máa ń fa èèyàn padà sínú ibú, kódà ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí àsíá pupa bá wà níbẹ̀, tàbí tí kò sí olùṣọ́ omi kankan, ẹ jókòó sórí iyanrìn yín. Ẹni tó bá fẹ́ wọ omi gan-an, Tarkwa Bay, etí omi kan lẹ́nu èbúté Èkó, ni mo máa ń júwe. Òkúta èbúté tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń bá wọn gba ìgbì níbẹ̀, omi wọn rọ̀ ju ti ìta lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀, kí olúkúlùkù wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó kó sì so ó dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun, púùlù ni ẹ máa wẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, púùlù ni kí ẹ yẹ̀ wò: ṣé ó tóbi tó, ṣé àgbàlá wọn ní ibòji, àbí gbogbo èrò òde ni wọ́n ń jẹ́ kó rọ́ wọ ibẹ̀ ní Sátidé?

Ohun kan wà tó jẹ́ kí n máa gba hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun rò díẹ̀ lórí owó. Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn òkun, iyọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ẹ̀rọ amúlétutù tí yóò pẹ́ dáadáa ní Adó, létí òkun, ara rẹ̀ yóò ti máa dípẹtà láìpẹ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìdè ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ àti irin bákónì. Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá ń pààrọ̀ wọn déédéé ń náwó gidi, kò sì sí bí kò ṣe ní bù ú lé owó yàrá. Ṣùgbọ́n èyí tó gba owó àtúnṣe tí kò ṣe àtúnṣe ńkọ́? Bí mo bá wọ yàrá, n kì í tíì wo ibùsùn. Ìṣó tó di dígí balùwẹ̀ mú ni mo máa ń wò, bóyá ó ti pọ́n tó ti ń sun omi ìpẹtà sára ògiri. Mo máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kí n gbóòórùn rẹ̀, torí pé ibi tí òórùn ọ̀rinrin bá wà, nǹkan ti ń bu nítòsí. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí omi bá ní iyọ̀, ọṣẹ náà kò ní hó, ọwọ́ á máa lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí mo bá rí mẹ́ta yìí pa pọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ yàrá kí n tó gbé báàgì kalẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ jáde ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀. Òkun máa ń gbé ike, ọ̀rá àti koríko òkun tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ jáde sí iyanrìn lóru, koríko yẹn sì máa ń rùn tó bá gbẹ. Hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níta nígbà yẹn, tí wọ́n ń kó o sínú àpò, òun ni mo mọ̀ sí olówó ńlá tó tọ́ sí owó rẹ̀. Èmi kò ka dígí àti wúrà inú gbọ̀ngàn àbáwọlé sí. Ohun tí mo tún kà sí ni ẹ̀ṣọ́ tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa wá gba owó ìjókòó, owó ẹṣin àti owó fọ́tò lọ́wọ́ yín níṣẹ̀ẹ́jú ìṣẹ̀ẹ́jú. Ìyẹn nìkan tó nǹkan fún mi láti fi owó kún owó.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an wá kù. Iye tó wà lójú ìkànnì lè má jẹ́ iye tí ẹ máa san. VAT, owó orí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí ọjà, jẹ́ 7.5% láti 2020. Ìjọba Èkó tún ń gba 5% lórí owó hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá sì máa ń fi 10% lé e tí wọ́n ń pè ní 'service charge', owó ìtọ́jú àlejò. Yàrá ₦200,000 yẹn ti di ₦245,000. Oru mẹ́ta, ₦735,000, kì í ṣe ₦600,000 tí ẹ kó sápò láti Adó. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀?" Kí ẹ sì bi wọ́n nípa owó ìdúró tí wọ́n máa ń gbà kalẹ̀ tí wọ́n sì ń dá padà, ọjọ́ wo ni wọ́n ń dá a padà?

Ti oúnjẹ kò gùn. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìwé oúnjẹ wọn, kí ẹ wo iye omi inú ike, iye rẹ̀ máa sọ ti gbogbo yòókù. Ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè iyán ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, èlùbọ́ funfun tí wọ́n rò lórí iná ni wọ́n gbé wá. Ó ní bí a bá tún dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn fún òun, ìjà ni.

Àwa tí a ń ti Èkìtì lọ tún ní ìṣirò kan tí ará Èkó kò ní. Ọ̀nà Adó sí Èkó máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, sún kẹrẹ fà kẹrẹ Lẹ́kì sì tún ń dúró de yín. Agogo méjì ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ń jẹ́ kéèyàn wọlé, agogo méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń ní kó jáde. Ẹni tó bá sanwó oru kan ṣoṣo, ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé pẹ̀lú àárẹ̀, àárọ̀ kan péré ni yóò sì rí òkun. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sùn oru méjì láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí owó máa ń rọlẹ̀, tàbí kí wọ́n má sùn létí òkun rárá: kí wọ́n wá hòtẹ́ẹ̀lì tó mọ́ níwọ̀n nínú ìlú, kí wọ́n san owó ìwọlé etí òkun fún ojúmọ́ kan, kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ń sùn. Kí wọ́n yẹra fún oṣù kẹfà àti ìkeje nítorí òjò, àti ọ̀sẹ̀ Kérésì nítorí owó. Tọkọtaya kan tí mo bá ṣètò gbọ́ gbogbo èyí tán, wọ́n ní Ìkógòsì làwọn ń lọ, pé omi tí àwọn lè wọ̀ ló wu àwọn. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé wọ́n gbádùn, àmọ́ fọ́tò wọn ṣì wà lórí fóònù mi.

Fún àwọn tó bá ṣì ń lọ sí etí òkun, mo máa ń ní kí hòtẹ́ẹ̀lì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n tó fi kọ́bọ̀ kan ṣọwọ́: àjà tí yàrá wà, ibi tó kọjú sí, àpapọ̀ owó, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó wa bí àìsàn bá dí wa lọ́wọ́. Ibì kan sọ pé àwọn kì í kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pé kí n ṣáà fọkàn balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì pe hòtẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e.