Oríṣi Oògùn Mẹ́sàn-án Nínú Àpò Ìyá Mi

Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ìyá mi méjèèjì wú débi pé bàtà kò gbà wọ́n mọ́, mo da àpò oògùn wọn sórí tábìlì ní ilé wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, oríṣi mẹ́sàn-án ni mo sì kà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí àwọn dókítà ti sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín wọn jẹ́, èmi ni mo sì máa ń wà wọ́n lọ sí Adó-Èkìtì fún àyẹ̀wò, síbẹ̀ n kò bi ẹnikẹ́ni rí pé iṣẹ́ wo ni oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Mẹ́ta nínú wọn wà fún egungun àti fún ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára. Mẹ́fà tó kù, oògùn ọkàn ni gbogbo wọn: mẹ́rin fún ẹ̀jẹ̀ ríru, méjì fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Mo béèrè ìdí tí oògùn ọkàn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé kíndìnrín ló ń dà á láàmú. Èsì tí dókítà fún mi ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ní àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni àìsàn ọkàn máa ń pa kí kíndìnrín wọn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Àwa ará ilé a máa bẹ̀rù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, a ó máa ṣírò iye tí yóò náni, nígbà tó jẹ́ pé ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ló sún mọ́ ẹni wa jù. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kì í lè yọ iyọ̀ àti omi kúrò lára bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ yóò máa ru sí i, ọkàn yóò máa fipá tì í títí ẹran ara rẹ̀ yóò fi nípọn, kálísíọ́ọ̀mù yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ títí tí yóò fi le. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru yìí kan náà ni yóò tún padà wá máa ba kíndìnrín jẹ́.

Oògùn méjì tó wà fún ọ̀rá ni simvastatin àti ezetimibe. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi kọ méjì fún iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ìdàpọ̀ yìí gan-an ni ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SHARP dán wò, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford darí tí àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2011. Aláìsàn kíndìnrín tó ju 9,000 lọ ló kópa nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló sì ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Fún bí ọdún márùn-ún, àwọn kan ń lo simvastatin mílígíráàmù 20 pẹ̀lú ezetimibe mílígíráàmù 10 lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ tí òpó ẹ̀jẹ̀ dídí ń fà, àti iṣẹ́ abẹ láti la òpó tó dí, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù lọ́dọ̀ àwọn tó lo oògùn. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ wú mi lórí púpọ̀. Simvastatin ń dín ọ̀rá tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, ezetimibe ń dí ọ̀nà tí ìfun fi ń fà á wọlé. Bí èèyàn bá sì da simvastatin nìkan pọ̀ jù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, ó lè ba ẹran ara rẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n kékeré fi dára, kí èkejì sì kún un lọ́wọ́, bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síbí pé ìdàpọ̀ náà kò dá bíbàjẹ́ kíndìnrín dúró. Ọkàn ló dáàbò bò.

Inú àwọn mẹ́rin fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni ewu wà. Lisinopril wà níbẹ̀, láti ilé ìwòsàn kan. Losartan wà níbẹ̀, láti ibòmíràn tí a lọ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wá pé kí ni ìyá yìí ń lò tẹ́lẹ̀. Oògùn méjèèjì dára fún kíndìnrín bí èèyàn bá ń lo ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́, pípa wọ́n pọ̀ sì ti ṣe àwọn èèyàn léṣe. Ìwádìí ONTARGET lọ́dún 2008, tó ní èèyàn tó lé ní 25,000, fi hàn pé pípa irú oògùn méjì yìí pọ̀ kò ṣe ọkàn láǹfààní ju ọ̀kan lọ, ó sì ń pa kíndìnrín lára. Lọ́dún 2013, wọ́n dá ìwádìí míràn tó pa losartan àti lisinopril pọ̀ fún àwọn alátọ̀gbẹ tí kíndìnrín wọn ti ń bàjẹ́ dúró láìtó àkókò, nítorí pé potásíọ́ọ̀mù, èròjà oúnjẹ kan tí kíndìnrín máa ń yọ kúrò lára, ń ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kíndìnrín wọn sì ń dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Potásíọ́ọ̀mù ìyá mi ti kọjá mílímólù 6 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí ọkàn ti lè ṣàdédé dáwọ́ dúró. Potásíọ́ọ̀mù sì wà nínú iṣu. Ẹ̀yin ẹ wo ohun tó jẹ́ láti sọ fún obìnrin Èkìtì pé kó dín iyán kù.

Dókítà tó rí ìwé àyẹ̀wò náà ní Adó yọ lisinopril kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó fi losartan àti amlodipine, tí òun náà wà lára mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ ríru náà, sínú hóró kan ṣoṣo, ó sì ní kí oògùn tó ń mú ìtọ̀ wá, tó jẹ́ ìkẹrin, wà bó ṣe wà. Mo ti kà á lẹ́yìn náà pé ìwádìí CREOLE, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Àbújá wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, fi hàn lọ́dún 2019 pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, àwọn ìdàpọ̀ tí amlodipine wà nínú wọn ló mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe kíndìnrín, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn pé lára àwọn èèyàn wa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́.

Àléébù tí mo rí nínú hóró alápapọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ìyá mi bá ń bì tàbí tí wọ́n bá ń yàgbẹ́ gbuuru, dókítà lè fẹ́ kí wọ́n dá losartan dúró fún ọjọ́ díẹ̀ kí amlodipine máa bá iṣẹ́ lọ, a kò sì lè ya wọ́n sọ́tọ̀. Èmi kì í dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo máa ń pe dókítà. A kò sì ra ibuprofen tàbí diclofenac fún orúnkún wọn ní kẹ́mísìtì mọ́, nítorí ó ń bá losartan àti oògùn ìtọ̀ pa kíndìnrín lára.

Oríṣi méje ló kù nínú àpò náà báyìí. Mo kọ orúkọ wọn àti ìwọ̀n wọn sínú ìwé kan tí mo ká sínú rẹ̀, ìyá mi fúnra wọn ló sì máa ń nà án sí dókítà kó tó mú bírò rẹ̀.