Sea otter ni wọ́n ní kí n lọ wò, edé odò ló gbà mí lọ́kàn

Kí n tó lọ California, gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń sọ pé mi ò gbọ́dọ̀ padà láìrí sea otter, ẹranko onírun kan tó ń gbé inú òkun, kò sẹ́ni tó dárúkọ edé odò kankan fún mi. Àmọ́ ká sòótọ́, edé yẹn ló wọ̀ mí lójú jù.

Moss Landing la ti rí àwọn sea otter, ibi tí Elkhorn Slough ti ń wọnú Monterey Bay. Wọ́n nà gbalaja sórí omi, wọ́n dojú sókè, ọ̀kan gbé òkúta lé àyà ó ń lu ìkarahun mọ́ ọn, kọ́-kọ́-kọ́, a gbọ́ ọ létí omi níbi tá a dúró sí. Bó ṣe ń jẹ lọ ló ń yí gbirigbiri kí pàǹtí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ irun ẹ̀. Irun yẹn lọ̀rọ̀ wà o. Àbùùbùtán lọ́ràá tó nípọn lábẹ́ awọ, sea otter ò ní in, irun ló gbójú lé, kò sì sẹ́ranko tí irun ẹ̀ ki tó tiẹ̀. Irun náà ló tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run, torí àwọn oníṣòwò awọ pa wọ́n ní ìpakúpa kó tó di pé àdéhùn ọdún 1911 dá wọn lẹ́kun, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lápá Big Sur ni ti California òde òní ṣẹ̀ wá. Kára ẹ̀ sì lè móoru, ó gbọ́dọ̀ jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara ẹ̀ lójúmọ́. Ẹ ò rí wàhálà!

La bá gbọ̀nà Lake Tahoe, adágún kan tó wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bí 1,900 mítà. Ọ̀nà yẹn jìn, ẹ jẹ́ n fò ó.

Wọ́n ń pe edé ibẹ̀ ní signal crayfish, èèyàn ló kó o débẹ̀, kì í ṣọmọ onílé. Alẹ́ ni mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi, mo rí ọ̀kan tó yọ lábẹ́ òkúta, àmì funfun wà níbi oríkèé ọwọ́ ńlá méjèèjì, bí mo ṣe sún mọ́ ọn báyìí ló fìrù gbá omi lẹ́ẹ̀kan, ó ti fẹ̀yìn wọlé padà! Òun ò ní irun tó ń tọ́jú, bómi bá tutù ara ẹ̀ náà á tutù, ewé jíjẹrà pàápàá tó o jẹ, kò sídìí fún eré àsápajúdé nítorí oúnjẹ. Ìyà tiẹ̀ ni pé èèpo ara ẹ̀ kì í dàgbà, àfi kó bọ́ ọ sílẹ̀, kó sá pamọ́ pẹ̀lú ara rírọ̀ títí tuntun á fi le. Mo rí èèpo kan tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ọwọ́, ẹsẹ̀, títí dórí ìbòjú ojú ẹ̀ ló pé síbẹ̀, mo rò pé ẹ̀mí wà nínú ẹ̀ ni. Bí ọwọ́ bá sì já, òmíì á máa hù díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ́ èèpo. Ẹ jẹ́ n tún fi yín rẹ́rìn-ín: orí ló ti ń tọ̀.

Sea otter, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí, á gbé e lé àyà kiri. Edé abo á so ẹyin rẹpẹtẹ mọ́ abẹ́ ìrù títí wọ́n á fi pa. Tẹ́ ẹ bá ń lọ Tahoe, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa dání jàre, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kílẹ̀ ṣú.